Ìran Ẹnìkan, Àdúrà Gbogbo Ará: Bí Àwọn Aládùúrà Ìbẹ̀rẹ̀ Ṣe Wá Ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run, 1918–1943

Ìfáàrà

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ dáwọ́ lé ohun ńlá kì í ṣàdédé ṣe é. Kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó fìdí múlẹ̀, kí àwọn òbí tó mọ ọ̀nà tí ọmọ tuntun yóò tọ̀ láyé, kí àwọn afọbajẹ tó fi ọba jẹ, wọn a kọ́kọ́ bi Ifá léèrè. Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítì dé, ìbéèrè náà kò kú. Ẹni tí à ń bi àti ọ̀nà tí à ń gbà bi í ló yí padà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìtàn fi máa ń fi aríran inú ìjọ Aládùúrà wé babaláwo, tí wọ́n sì máa ń sọ pé ìran ló gba ipò ọ̀pẹ̀lẹ̀.

Òótọ́ wà nínú àfiwé yìí, ṣùgbọ́n ó fo ohun pàtàkì kan dá. Ẹni tó lọ dáfá ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹsẹ Ifá. Nínú ẹgbẹ́ àdúrà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹni tó ríran àti àwọn ará yòókù jọ ń kúnlẹ̀ ni, wọ́n sì jọ ń gbé ohun tí wọ́n bá gbọ́ yẹ̀ wò. Àpilẹ̀kọ yìí tọpasẹ̀ àwọn Aládùúrà láti ọdún 1918 títí di ọdún 1943. Ó fi hàn pé láàárín àwọn ará ni wọ́n ti ń dán ìran ẹnìkọ̀ọ̀kan wò, àti pé ohun tí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ń ná wọn kò kéré rárá.

Ìjẹ̀bú-Òde, 1918

Ní ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn tó ja gbogbo ayé dé ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ènìyàn ń kú, oògùn òyìnbó kò ràn án, ti ìbílẹ̀ náà kò ràn án, wọ́n sì ti ilé ìjọsìn pa kí àrùn má baà máa tàn kálẹ̀. Ní ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, bàbá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn náà, tí ìtàn ìjọ ń pè ní Baba Ali, lá àlá pé kí àwọn kan kóra jọ fún àdúrà. Kò dá àlá náà mọ́ra, ó sọ ọ́ fún J. B. Ṣadare, alágbẹ̀dẹ wúrà tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ. Láti inú ìpàdé àdúrà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti jáde.

Láìpẹ́, Sophia Ọdúnlàmí, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, dara pọ̀ mọ́ wọn. Òun náà ti ṣàìsàn, ó sì ti rí ìwòsàn. Iṣẹ́ tó jẹ́ fún wọn ni pé kí wọ́n fi oògùn gbogbo sílẹ̀, kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé àdúrà, kí wọ́n sì lo omi òjò fún ìwòsàn. Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí ẹni tó sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Nínú ìjọ Áńgílíkà ìgbà náà, obìnrin kò lè gun àga ìwàásù, ọ̀dọ́mọbìnrin kò sì lè pàṣẹ fún àwọn baba ìjọ. Síbẹ̀, nítorí pé àwọn ará jọ gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì gbà á, ó di ìlànà fún gbogbo ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀ ṣẹ níbi tí wọn kò ti retí rẹ̀.

Ohun tí ìpinnu ná wọn, 1922

Ohun tí ẹgbẹ́ náà fẹnu kò lé lórí kò bá ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà mu. Wọ́n kọ oògùn, wọ́n sì kọ ìtẹ̀bọmi ọmọ ọwọ́. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìjọ ní kí wọ́n yí ọkàn padà tí wọn kò gbà, ìyapa dé ní ọdún 1922. Ṣadare fi ipò rẹ̀ nínú sínódù sílẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn mìíràn, wọ́n sì ní láti yọ àwọn ọmọ wọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ.

Ní àkókò tí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí ọmọ fi lè di akọ̀wé tàbí olùkọ́, ọjọ́ ọ̀la ìdílé ni wọ́n fi lélẹ̀. Níhìn-ín ni àǹfààní àdúrà àjùmọ̀gbà ti hàn jù lọ. Ẹni tó bá dá ìpinnu ṣe yóò dá ìyà rẹ̀ jẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó jọ kúnlẹ̀ jọ ru ẹrù náà. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Ní àwọn ọdún yẹn, David Ọdúbánjọ, tó wà ní Èkó, ti so wọ́n pọ̀ mọ́ ìjọ Faith Tabernacle ti ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ìwé ìròyìn àti lẹ́tà ni wọ́n ń rí gbà láti ibẹ̀. Kò sí míṣọ́nnárì kan tó wá. Nítorí náà, àwọn ará fúnra wọn ló ń fi àdúrà àti Bíbélì Yorùbá yanjú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́: ìgbéyàwó, àìsàn, iṣẹ́ àti ìrìn-àjò. Kí ọdún 1930 tó dé, àjọṣe pẹ̀lú Philadelphia ti bàjẹ́, síbẹ̀ ẹgbẹ́ kò tú ká. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe lè pinnu láìsí ọ̀gá lókè òkun.

Wòlíì tí wọ́n gbà àti wòlíì tí wọn kò lè bá rìn

Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1930, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ pàdé ní Iléṣà láti yanjú àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wọn. Àkókò náà gan-an ni ìsọjí ńlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ooyè láti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ọmọ Odò-Ọwà ni, wọ́n bí i ní ọdún 1904, awakọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ni kó tó gbọ́ ìpè ní ọdún 1928. Lẹ́yìn ìpè náà, ó lọ fara mọ́ àwọn ará Faith Tabernacle. Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí Iléṣà, ìjọ ti wà nílẹ̀ tí yóò gbà wọ́n, tí yóò sì kọ́ wọn.

Ìtàn Josiah Òṣítẹ̀lú ti Ògèrè gba ọ̀nà mìíràn. Òun náà ń ríran, ó sì ń kọ ìran rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé. Àwọn aṣáájú kan náà bá a sọ̀rọ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ní ọdún 1931 wọ́n pínyà. Lára ohun tí wọn kò fara mọ́ ni àwọn orúkọ mímọ́ tó ń lò nínú àdúrà àti bó ṣe ń tú àṣírí àjẹ́. Òṣítẹ̀lú bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ pẹ̀lú Ìjọ Olúwa tó dá sílẹ̀ ní Ògèrè. Nínú ìtàn méjèèjì yìí, kò sí ẹni tó sọ pé wòlíì kò ríran. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni bóyá ìran náà bá Ìwé Mímọ́ mu, àti bóyá àwọn ará lè fọkàn kan rìn lórí rẹ̀.

Nígbà tí ìdáhùn di méjì

Ìdánwò tó le jù dé lẹ́yìn tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church dé láti Bìrìtéènì ní ọdún 1931. Ìjọ náà ní ètò tirẹ̀ fún ìtọ́sọ́nà: wòlíì yóò sọ̀rọ̀, àwọn àpọ́sítélì yóò sì gbọ́ ọ, wọn yóò pinnu lórí rẹ̀. Ètò yìí dùn mọ́ àwọn Aládùúrà, nítorí ó jọ ohun tí wọ́n ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé àwọn míṣọ́nnárì ń lo quinine láti dènà ibà. Fún àwọn tó ti pàdánù iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé wọ́n kọ oògùn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣèpàdé, wọ́n tún gbàdúrà. Nígbà tí ọdún 1941 fi dé, ìyapa ti ṣẹlẹ̀. Ọdúbánjọ, Babalọlá àti Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tó kọ *Ìwé Ìtàn Ìbàdàn* tó sì di Olúbàdàn ní ọdún 1955, wà lára àwọn tó jáde. Ìjọ wọn forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí Christ Apostolic Church ní ọdún 1943. Àwọn mìíràn dúró sínú Apostolic Church. Ọlọ́run kan náà ni ọ̀tún àti òsì ké pè, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dìde lórí eékún pẹ̀lú ìdánilójú tirẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìyapa yìí kò sọ àdúrà àjùmọ̀gbà di asán, ṣùgbọ́n ó fi ibi tí agbára rẹ̀ mọ hàn. Kò ṣèlérí pé ohùn gbogbo ènìyàn yóò dọ́gba. Ohun tó ṣe ni pé kò jẹ́ kí aríran jẹ́ adájọ́ lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó fún ẹni tí kò lóhùn láwùjọ ní àyè láti sọ̀rọ̀, ó sì mú kí àwọn tó pinnu pọ̀ jọ san owó ìpinnu náà. Ewu rẹ̀ náà kò ṣe é fi pamọ́. Ohun tí ìjọ bá ti fẹnu kò lé lórí lè di ẹrù lọ́rùn ẹni tí kò dá a lójú. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbóná lóru, tó mọ̀ pé oògùn wà nítòsí, kò ní ojú ìjọ nìkan láti wò.

Bí a bá fẹ́ kọ ìtàn àwọn Aládùúrà dáadáa, kò yẹ kí a dúró lọ́dọ̀ àwọn wòlíì ńlá nìkan. Ó yẹ kí a wọ inú yàrá àdúrà, kí a bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó ṣe àmín, àti ẹni tó dákẹ́.