Ìyá Ni Ó Kọ́kọ́ Rí I: Ìtàn Kúrúnà Lára Ọmọ-Ọwọ́

Bí a bá dárúkọ kúrúnà, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Ngomari ní ìlú Maiduguri, ìdọ̀tí ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Nítorí èyí, ìyá tí ó bá mú ọmọ rẹ̀ a máa fi aṣọ bò ó kí ojú má baà tì í. Ṣùgbọ́n bí a bá tọpasẹ̀ ìtàn àrùn yìí, a ó rí i pé àwọn ìyá ti mọ ohun tí ń fà á kí àwọn oníṣègùn tó gbà.

Ní ọdún 1687, Giovanni Cosimo Bonomo, oníṣègùn ará Ítálì, àti Cestoni, apòògùn, ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tálákà a máa fi ẹnu abẹ́rẹ́ yọ nǹkan kékeré kan kúrò lára ọmọ tí ara ń yún. Wọ́n fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó: kòkòrò ni. Abo rẹ̀ a máa gbẹ́ ihò sínú awọ ara, a sì máa yé ẹyin síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tí ó bàjẹ́ ni. Ó di ọdún 1834 kí Renucci, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti erékùṣù Corsica, tó yọ kòkòrò náà níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Paris. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ìlú rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Kenneth Mellanby ṣe ìwádìí ní Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi hàn pé ìfarakanra ni ó ń tan kúrúnà ju aṣọ àti ìbora lọ. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan Maiduguri. Rògbòdìyàn Boko Haram bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Nígbà tí Gwoza àti Bama bọ́ sọ́wọ́ wọn ní 2014, ogunlọ́gọ̀ sá wọ Maiduguri. Ọ̀pọ̀ ni kò lọ sí àgọ́, ọ̀dọ̀ ẹbí àti yàrá àyágbé ni wọ́n wọ̀ ní àwọn àdúgbò ìlú náà. Níbi tí ìdílé méjì bá ti ń sun yàrá kan, kúrúnà ti rí ọ̀nà. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá.

Lára àgbàlagbà, àárín ìka, ọrùn ọwọ́ àti ìbàdí ni ó wọ́pọ̀ sí. Ti ọmọ-ọwọ́ yàtọ̀: a máa sú sí orí, ojú, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà ni a fi ń ṣì í mú fún èyí tí ooru ń fà. Ìbéèrè tí ó ń tú àṣírí rẹ̀ ni pé: ta ni ara tún ń yún lóru nínú ilé? Bí a bá fi í sílẹ̀, ojú ibi tí a họ lè kẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Imí-ọjọ́ ni oògùn àtijọ́ rẹ̀. Títí di òní, òun ni àwọn elétò ìlera ń pò mọ́ ìpara fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì. Kì í ṣe èyí tí a kàn rà lọ́jà tí a fi pa ọmọ lára. Láti oṣù méjì lọ, ìpara permethrin ni. A ó fi pa á láti orí dé ẹsẹ̀, a ó yẹra fún ojú àti ẹnu, a ó sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Oògùn oníhóró ivermectin, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún Campbell àti Ōmura ní 2015, kò wà fún ọmọ tí kò tó kílò 15.

Ohun tí ó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Ọjọ́ kan náà ni kí gbogbo ilé lo oògùn, títí kan ẹni tí ara kò yún, nítorí ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí yún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o.

Ní 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ka kúrúnà mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a ti pa tì. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí ọmọ kan bá ń họra ní kíláàsì, ẹ má ṣe pe ìyá rẹ̀ ní ọ̀bùn. Ẹ ránṣẹ́ sí i, kí ẹ béèrè nípa ọmọ-ọwọ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí yóò sọ.