Janjanbureh: Ìlú Kékeré Láàárín Odò Gámbíà

Àwọn àgbà wa a máa wí pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn lẹ́yìn tí mo ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Janjanbureh, ìlú kékeré kan tí ó wà lórí erékùṣù ní àárín odò Gámbíà. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Banjul ni mo lọ kí ní àkókò ìsinmi. Òun ni ó sì san owó ọkọ̀ ìgbafẹ́ fún mi, kí n lè rí òkè odò náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ fún mi ní àyè kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀, kí n sì sọ ohun tí a kò fi hàn wá.

Láti Banjul dé Janjanbureh tó nǹkan bí kìlómítà 300 bí a bá gba ojú odò, ọkọ̀ wa kò sì kánjú. Ní ìsàlẹ̀ odò, omi iyọ̀ ni, àwọn igi tí ń hù nínú ẹrẹ̀ ni ó sì kún etí rẹ̀. Bí a ti ń gòkè lọ ni iyọ̀ ń tán nínú omi, tí igbó gidi sì ń sún mọ́ wa. A rí erinmi tí ó yọ orí, tí ó sì tún rì. A kọjá ní ẹ̀bá àwọn erékùṣù tí a ti ń tọ́jú àwọn ìnàkí láti ọdún 1979, níbi tí ènìyàn kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí.

Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Janjanbureh, ìdákẹ́jẹ́ ni ó kọ́kọ́ pàdé wa. Àwọn ewúrẹ́ sùn sí àárín títì, wọn kò sì dìde nítorí tiwa. Àwọn baba kan jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń mu tíì, wọ́n kí wa, wọ́n sì padà sí ọ̀rọ̀ wọn. Ní etí omi ni àwọn ilé ńláńlá àtijọ́ wà, tí òrùlé páànù wọn ti dípẹtà, tí ilẹ̀kùn òmíràn sì ti wó. Ẹni tí ó bá rí àwọn ilé wọ̀nyí yóò mọ̀ pé ìlú yìí ti rí ọjọ́ tí ó sàn ju èyí lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń fi àlejò mọ ìlú ni ó ṣáájú wa. Ó mú wa wọ inú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, ó ní kí a sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá ìsàlẹ̀ tí ó ṣókùnkùn, ó ní, "Ilé ẹrú nìyí." Ó sọ bí a ti ń so àwọn ẹrú mọ́ ibẹ̀ kí ọkọ̀ tó wá kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn èyí ó fi igi kan hàn wá, ó ní ẹrú tí ó bá lè sá dé ìdí rẹ̀ kí ó sì fi ọwọ́ kàn án ti di òmìnira. Obìnrin kan nínú wa bú sí ẹkún. Èmi náà kò lè sọ̀rọ̀. Kò tó wákàtí mẹ́ta tí fèrè ọkọ̀ fi dún, tí olúkúlùkù wa padà sí àyè rẹ̀, tí ìlú náà sì di ohun ẹ̀yìn.

Ìgbà tí mo padà dé ilé ìkàwé ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún. Ẹ jẹ́ kí a tò wọ́n kalẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1795 ni Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland nì, gbéra ní Pisania, ní etí odò kan náà, tí kò jìnnà sí Janjanbureh, láti lọ wá odò Ọya. Nígbà tí ó padà wá ní 1797, ọ̀wọ́ ẹrú ni ó bá rìn dé etí odò Gámbíà. Oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Karfa Taura ni ó ń kó wọn bọ̀ wá tà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ sọ pé a kò ta ènìyàn lórí odò yìí. A tà wọ́n, wọ́n pọ̀, ojú ẹlẹ́rìí sì rí i.

Ṣùgbọ́n ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Ní 1816, Alexander Grant, ọ̀gá ọmọ ogun, tẹ ìlú Bathurst dó sí ẹnu odò náà, kí ọkọ̀ olówò ẹrú má baà rí ọ̀nà kọjá mọ́. Bathurst yìí ni a sọ di Banjul ní 1973. Ní 1823, Grant kan náà gòkè lọ, ó gba erékùṣù Janjanbureh, ó mọ odi alámọ̀ síbẹ̀, ó sì fi àwọn ọmọ ogun sí i. Ó sọ erékùṣù náà ní orúkọ Charles MacCarthy, gómìnà Sàró, ẹni tí ogun Aṣanti pa ní oṣù Kìíní ọdún 1824. Ìlú tí ó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n pè ní Georgetown, ní orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà tí ó di 1995 ni ó tó padà sí orúkọ tí àwọn onílẹ̀ mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ ò rí i bí? Ọdún 16 lẹ́yìn òfin ni a tó tẹ Georgetown dó, àwọn tí a rán láti dí ọ̀nà olówò ẹrú ni ó sì tẹ̀ ẹ́ dó. Báwo ni wọn yóò ti kọ́ ọgbà ẹrú sí iwájú odi àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ odò nítorí ẹrú? Àwọn onímọ̀ ìtàn ti wí pé àwọn ilé ńlá etí omi náà kò tó ọjọ́ orí tí a ń pè wọ́n. Ilé àwọn oníṣòwò ni wọ́n. Láti àwọn ọdún 1830 ni ẹ̀pà ti di ọjà ńlá ní Gámbíà, odò yìí sì ni ọ̀nà tí gbogbo ẹ̀pà ń gbà dé òkun.

Kí ni ó wá fà á tí a fi ń pè é ní ilé ẹrú? Láti ìgbà tí ìwé Roots tí Alex Haley kọ ti jáde ní 1976 ni àwọn àlejò ti ń wọ́ lọ sí Juffureh àti erékùṣù tí a ń pè ní Kunta Kinteh lónìí, ní ìsàlẹ̀ odò. Ibẹ̀ ni òwò náà ti wáyé ní tòótọ́. Ẹni tí ó ti sunkún ní ìsàlẹ̀ odò ń retí láti tún sunkún ní òkè odò, ọ̀dọ́ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn sì ń fún un ní ohun tí ó ń retí. Èmi kò bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà wíjọ́. Wákàtí mélòó kan ni ó ní láti fi rí owó oúnjẹ rẹ̀. Èmi tilẹ̀ rò pé ìtàn igi náà lè ní gbòǹgbò: ẹrú wà lọ́wọ́ àwọn olówó ní ẹ̀yìn odò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1823, kò sì yani lẹ́nu bí ẹni tí ó sá dé ibi tí àsíá Gẹ̀ẹ́sì wà bá rò pé òun ti bọ́.

Ohun tí ó dùn mí ni pé ìtàn tí kì í ṣe ti ilé náà ti bo ìtàn tí ó jẹ́ ti ìlú náà gan-an mọ́lẹ̀. Ìtàn yẹn sì kàn wá.

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá gba ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, Sàró ni wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ. Báyìí ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ṣe dé ibẹ̀ ní 1822, ọdún kan kí Grant tó gba Janjanbureh. Nígbà tí Sàró kún, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó nínú wọn lọ sí Gámbíà, pàápàá ní àwọn ọdún 1830. Àwọn kan dúró sí Bathurst, a sì kó àwọn mìíràn lọ sí òkè odò, sí erékùṣù yìí, kí wọ́n máa ro oko. Àwọn oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tí ogun kó ní ilẹ̀ Yorùbá, tí a tà, tí a dá sílẹ̀ lójú òkun, tí a kó dé Sàró, tí a sì tún kó wọ ọkọ̀ lọ sí àárín àwọn Mandinka àti Fúlàní tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú èdè wọn. Òmìnira ni a pè é, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ibi tí ó fẹ́ lọ.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni wọ́n. Ìgbò wà nínú wọn, àwọn ẹ̀yà mìíràn sì wà. Síbẹ̀ ẹ wo orúkọ tí a ń pe àwọn ọmọ wọn ní Gámbíà títí di òní: Aku. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò nílò ìtumọ̀. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu ọ̀nà! Ìkíni wa ni àwọn ará Sàró fi ń dá àwọn baba wa mọ̀, tí wọ́n fi sọ wọ́n ní orúkọ. Koelle, tí ó kó ọ̀rọ̀ àwọn èdè Áfíríkà jọ ní Sàró, tí ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1854, lábẹ́ orúkọ Aku yìí ni ó to èdè Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti àwọn yòókù sí. Ìkíni ni wọ́n mú lọ́wọ́ kúrò nílé, nígbà tí a gba gbogbo nǹkan yòókù lọ́wọ́ wọn. Àwọn Aku Gámbíà kò sọ Yorùbá mọ́. Èdè tí ó jọ Krio ti Sàró ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n àkàrà ṣì ń jẹ́ àkàrà ní òpópó Banjul, ọ̀lẹ̀lẹ̀ sì ń jẹ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀. Mo jẹ àkàrà náà, kò sì sí ẹni tí ó ní láti sọ fún mi ibi tí ó ti wá.

Láti inú àwọn Aku yìí ni Edward Francis Small ti jáde, ẹni tí ó ṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀ Bathurst ní 1929, tí a sì dìbò yàn sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1947.

Ẹ̀yin yóò bi mí pé kí ni ó wá mú ìlú náà dákẹ́ tó báyìí. Odò ni ó gbé e ga, odò náà ni ó sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀pà, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kó ẹrù wọn, wọ́n sì lọ. Lady Chilel Jawara, ọkọ̀ ìjọba tí ń kó èrò àti ẹrù gòkè odò, rì ní 1984. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ tí ń mú àlejò wá wòran ni ó kù fún èbúté yìí. Afárá ti wà ní apá gúsù erékùṣù náà báyìí, ọ̀nà ńlá sì ti gba èrò lọ́wọ́ odò. Ilé ẹ̀kọ́ Armitage, tí a dá sílẹ̀ ní 1927 fún àwọn ọmọ ìjòyè, ni ó ṣì ń mú kí ohùn ọ̀dọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Kò yẹ kí a ti ilẹ̀kùn ilé náà mọ́ àlejò. Ohun tí ó yẹ ni kí a sọ fún un pé ilé ẹ̀pà ni, kí a sì mú un lọ sí ojúlé àwọn tí a dá sílẹ̀, sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn àti sí ibojì wọn. Bí ó bá fẹ́ sunkún, yóò rí ohun tí yóò sunkún lé lórí, yóò sì rí ohun tí yóò yọ̀ sí pẹ̀lú. Ní ti àwa tí a ń kọ́ èdè, iṣẹ́ wà fún wa níbẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó kù lẹ́nu àwọn Aku àgbà kò ní dúró dè wá. Ẹni tí yóò kó wọn jọ ní láti jókòó pẹ̀lú wọn ju wákàtí mẹ́ta lọ.

Bí ọkọ̀ wa ti ń lọ, ọ̀kan nínú àwọn baba abẹ́ igi nì gbé ọwọ́ sókè sí wa. Mo pariwo láti orí ọkọ̀ pé, "Ẹ kú ìjókòó o!" Kò gbọ́ ohun tí mo wí, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.