Epo tí ó Kù sínú Òkun: Ọ̀rọ̀ Sẹ̀mẹ̀ àti Aje

Bí owó gàrí bá já wálẹ̀, tí iye tí a ó rí kò tó owó alágbàṣe tí yóò hú ẹ̀gẹ́ àti ti ọkọ̀ tí yóò kó o, àgbẹ̀ Igbó-Ọrà tàbí ti Èrúwà a fi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ebè. Kò sí ẹni tí yóò tìtorí èyí sọ pé ẹ̀gẹ́ ti tán ní Ìbàràpá. Òkúta líle ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìbàràpá, kò sí epo rọ̀bì níbẹ̀. Síbẹ̀ ìṣirò àgbẹ̀ yìí ni ìṣirò àwọn tí ń wa epo lábẹ́ òkun.

Kí ọdún 1970 tó dé ni ilé-iṣẹ́ Union Oil ti Amẹ́ríkà ti rí epo ní Sẹ̀mẹ̀, nínú òkun Dahomey, orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Benin lónìí, nítòsí ààlà Bàdágìrì. Ọdún 1982 ni epo náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀: ní 1973 àti 1979 ni owó epo fò sókè káàkiri ayé, tí ohun tí kò pé tẹ́lẹ̀ fi di ohun tí ó pé. Nǹkan bí àgbá mílíọ̀nù 22 ni wọ́n fà jáde kí iṣẹ́ tó dúró ní 1998, ọdún tí owó epo tún wó lulẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé kànga Sẹ̀mẹ̀ gbẹ, àṣìkọ ni. Epo ṣì wà níbẹ̀. Owó ni kò tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ Aje ta kókó ju èyí lọ. Orúkọ náà nìkan tó láti mú Yorùbá rántí ọrọ̀. Nǹkan bí kìlómítà 24 sí èbúté ni ó wà, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, lábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́ Yinka Folawiyo Petroleum. Ní nǹkan bí 1996 ni a rí i. Ó di 2016 kí epo tó jáde. Gáàsì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, òun ni ó sì kù sílẹ̀. Epo lè wọ ọkọ̀ lọ bá olùrà níbikíbi, ṣùgbọ́n gáàsì ń fẹ́ ọ̀pá, ó sì ń fẹ́ olùrà tí yóò ti tọwọ́ bọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó gbẹ́ kànga. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ọ̀pá wà: ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó gùn ní kìlómítà 678, láti Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn dé Takoradi ní Gánà, gba inú òkun kọjá nítòsí ibẹ̀. Olùrà náà wà, ní Benin, Tógò àti Gánà. Ṣùgbọ́n ní 2016 kan náà ni a dín gáàsì Gánà kù nítorí gbèsè. Ẹni tí a bá bẹ̀ pé kí ó yáni lówó gbẹ́ kànga gáàsì Aje, gbèsè yẹn ni yóò kọ́kọ́ béèrè.