A KÌ Í FÁ ORÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ
Ìtàn Ìgbìmọ̀ àti Ìpàrọwà ní Ilẹ̀ Òkè-Ògùn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Olódùmarè, ẹni tí ó dá ẹ̀mí wa sí láti rí ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa. Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, àṣà ni láti ka orúkọ àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kí a sì sọ bí a ti ṣe kọ́ ilé Ọlọ́run. Àwọn ẹlòmíràn ti ṣe èyí ní ojú-ìwé tiwọn. Ohun tí àwa fẹ́ fi rán ẹ̀yin ará ìjọ létí, àti ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ wá bá wa yọ̀, ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní ìgbà ayé àwọn bàbá ìjọ wọ̀nyí: bí ìlọsíwájú tí a gbé wọ ìlú láìbi ará ìlú ṣe di ẹ̀jẹ̀, àti bí ìpàrọwà ṣe ń ṣe èyí tí ìbọn kò lè ṣe.

Ti ìpàrọwà ni a ó kọ́kọ́ sọ. Nígbà tí ogun Kírìjì dé láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, oko di igbó, ọjà tú, ọ̀nà Èkó sì dí. Ní ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní fi ìwé rán Samuel Johnson, òjíṣẹ́ ìjọ wa, sí Gómìnà ní Èkó, pé kí ó wá bá wọn parí ìjà. Iṣẹ́ náà kò yọrí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 1886, Gómìnà Moloney tún pe Johnson, ó sì pe Charles Phillips, àlùfáà tí ó wà ní Oǹdó. Johnson lọ bá Aláàfin àti àwọn Ìbàdàn. Phillips lọ bá àwọn Èkìtì àti Ifẹ̀. Wọ́n gbọ́ ti apá kìíní, wọ́n gbọ́ ti apá kejì, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ sí ìwé. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹfà ọdún náà ni a fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Èkó. Síbẹ̀ a kò fi í mọ sí Èkó. Ní Oṣù Kẹsàn-án, àwọn aṣojú Gómìnà gòkè lọ sí ibùdó ogun, wọ́n sì kéde àlàáfíà níbẹ̀ ní etígbọ̀ọ́ àwọn tí ó ń jà gan-an.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ìwé náà tí ó yẹ kí a kíyè sí. A kọ ọ́ pé kí Modákẹ́kẹ́ ṣí kúrò ní ibi tí ó wà. Ìlú náà kò ṣí nígbà náà, nítorí ọkàn wọn kò gbà á. Ọ̀rọ̀ náà gbé inú eérú bí iná, ó tún ń jó ní ọdún 1997 sí 2000, nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ibi tí olú ìjọba ìbílẹ̀ yóò wà. Ohun tí ọkàn kò bá gbà, ìwé kò lè mú un dúró.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Òkè-Ògùn wa. Ní ọdún 1914, Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà, òfin kóòtù ìbílẹ̀ sì jáde. Ní ìgbà Kápútẹ̀nì Ross, tí í ṣe Ajẹ́lẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ni kóòtù tuntun wọ ìhà ọ̀dọ̀ wa. Lójú ìjọba, ìlọsíwájú ni. Ṣùgbọ́n látijọ́, ẹjọ́ a máa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ baálé ilé, a kọjá sí ọ̀dọ̀ olóyè àdúgbò, kí ó tó dé ààfin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ní ohùn nínú rẹ̀. Kóòtù tuntun kó agbára yìí sí ọwọ́ àwọn díẹ̀ tí ìjọba fi ọwọ́ sí, ó sì mú kí ọwọ́ Ọ̀yọ́ wúwo lórí àwọn ìlú wa ju ti ìṣáájú lọ. A kò bi ará ìlú bí wọ́n ti fẹ́ ẹ. A fá orí lẹ́yìn olórí.

Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde. Ẹ̀mí ṣòfò. Ìjọba rán sójà, wọ́n sì tẹ ìdìtẹ̀ náà rì. A so àwọn kan tí a kà sí aṣíwájú rẹ̀ rọ̀. Ìyà kò sì parí síbẹ̀. Ìtàn Òkèhò wí pé ọ̀pọ̀ ìletò ni ó fi ohùn ṣọ̀kan tí wọ́n para pọ̀ di ìlú náà nítorí ogun, láàárín àwọn òkè tí ó jẹ́ ààbò fún wọn. Ní ọdún 1917, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà lónìí. Ìlú tí a fi àdéhùn tẹ̀ dó, àṣẹ ni ó ṣí i nípò. Òkèhò Ahoro ni a ń pe ibùdó àtijọ́ náà. Ní ọdún 2017, àwọn ọmọ Òkèhò ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìṣípòpadà yìí, ọdún tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò yàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ìwà àwọn òyìnbó nìkan ni èyí. Ní ọdún 1980, ní Bakolori ní ilẹ̀ Ṣókótó, dáàmù gba ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀. Wọ́n béèrè owó ohun tí wọ́n pàdánù. Ọlọ́pàá ni a rán sí wọn, a sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìjọba tiwa ni ó ṣe é. Àwa náà ní dáàmù, ti Ìkéré lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, tí a fi sé odò Ògùn. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 wí pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ oko, owó irúgbìn àti ilé orí rẹ̀ ni yóò san, kì í ṣe owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun díẹ̀ ni yóò rí gbà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1992 ni òfin mìíràn jáde, pé kí a gbọ́ ohùn ará ìlú kí a tó ṣe iṣẹ́ ńlá tí ó lè ba àyíká jẹ́. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n òfin kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwa ni a ó máa lọ sí ìpàdé, tí a ó sì máa béèrè.

Ìjọ Ọlọ́run mọ ọ̀nà yìí tipẹ́. Nínú Ìṣe Àwọn Aposteli, nígbà tí ìkùnsínú dé nítorí àwọn opó tí a gbàgbé, àwọn Aposteli kò fi àṣẹ pa á. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, ìjọ ni ó sì yan àwọn ọkùnrin méje.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, nígbàkígbà tí ọ̀nà, ọjà, dáàmù tàbí ilé ìjọ pàápàá bá fẹ́ gba ilẹ̀ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a ṣe bí Johnson àti Phillips: kí a lọ bá apá méjèèjì ní ilé wọn, kí a gbọ́ tán kí a tó dáhùn, kí a kọ àdéhùn sílẹ̀, kí a sì padà lọ kà á ní etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ó pẹ́ ju àṣẹ lọ. Ṣùgbọ́n kì í fi ahoro sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run àlàáfíà kí ó fún àwọn tí yóò ka ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún kejì ní ìtàn tí ó dùn ju èyí lọ. Àmín.