Arò fún Um Nyobè: Iṣẹ́ Ọnà àti Ọ̀fọ̀ Àjùmọ̀ṣe Láàárín Àwọn Bassa

Àdúgbò Bassa ní ìlú Douala, níbi tí ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí lónìí, ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú UPC sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1948. Ẹgbẹ́ yìí ń jà fún òmìnira Cameroon. Akọ̀wé àgbà rẹ̀ ni Ruben Um Nyobè, ọmọ ẹ̀yà Bassa tí wọ́n bí ní 1913. Nígbà tí ìjọba Faransé fòfin de ẹgbẹ́ náà ní 1955, Um wọ igbó ilẹ̀ Bassa lọ. Ibẹ̀, nítòsí Boumnyébel, ni àwọn ọmọ ogun ti yìnbọn pa á ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 1958.

Wọ́n wọ́ òkú rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n gbé e síta fún aráyé wò, wọ́n sì sin ín sí Eséka, wọ́n da kankéré bò ó, láìsí ètùtù ìsìnkú. Dídárúkọ rẹ̀ ní gbangba di ohun ewu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọdẹ Yorùbá yóò tètè mọ bí ìyà yìí ti wúwo tó: bí ọdẹ bá kú, wọn a ṣípà fún un, wọn a sun ìrèmọ̀jé, arò àwọn ọdẹ, kí ó tó lè yà kúrò láàárín ẹgbẹ́. Ìrèmọ̀jé kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ìsìnkú. Ara ìsìnkú gan-an ni.

Achille Mbembe, òpìtàn tí wọ́n bí ní Cameroon ní 1957, ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ikú yìí àti ìrántí rẹ̀. Ó fi hàn bí orin ṣe gbé orúkọ Um mọ́ra nígbà tí ìjọba fẹ́ pa á rẹ́. Sàréè ṣeé ṣọ́, ṣùgbọ́n arò tí obìnrin ń sun nínú oko kò ṣeé ṣọ́. Síbẹ̀, ìtumọ̀ arò kò sí lẹ́nu ẹni tó dá a nìkan. Àwọn tó gbè é ló ń parí rẹ̀. Ẹni tó ń dá sunkún ń sọ pé ó ń dun òun. Bí àwọn mìíràn bá gbè é, ìrora rẹ̀ di ẹ̀rí: ẹnì kan wà láyé, wọ́n pa á, àwọn tó kù sì mọ̀ ọ́n. Kò yani lẹ́nu pé irú ìjọba bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ẹkún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹkún tí àwùjọ ń sun pọ̀ ló jẹ́ òótọ́. Nínú eré *La Puissance de Um* (1979), Werewere Liking, òǹkọ̀wé Bassa, gbé ìsìnkú ìbílẹ̀ sórí ìtàgé. Opó inú rẹ̀ kọ̀ láti ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ bí àṣà ti pa á láṣẹ. (Agbára ìbílẹ̀ ni Um inú àkọlé yìí, kì í ṣe Um Nyobè.) Ọ̀fọ̀ àfipáṣe kò pín ìbànújẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Kejìlá 1991, òfin Cameroon dá iyì Um Nyobè padà. Ní 2019, Blick Bassy, olórin tí wọ́n bí ní 1974, gbé àwo orin *1958* jáde ní èdè Bassa, ó fi rántí Um. Kò bá a láyé rárá, ṣùgbọ́n arò kò béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ elégbè. Ní 2023, òun àti òpìtàn Karine Ramondy bẹ̀rẹ̀ sí í darí ìgbìmọ̀ tó ṣèwádìí ohun tí Faransé ṣe ní Cameroon; Bassy ló mójú tó apá iṣẹ́ ọnà àti ẹ̀rí àwọn aráàlú. Orin kò lè ṣí àpótí ìwé ìjọba, ìwé ìjọba kò sì lè sun arò. Iṣẹ́ méjèèjì ni ọ̀fọ̀ yìí ń béèrè. Ìgbìmọ̀ náà fi ìròyìn rẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù Kìíní 2025. Lọ́dún náà ni Macron, Ààrẹ Faransé, gbà nínú lẹ́tà kan pé ogun ni Faransé jà ní Cameroon, ó sì dárúkọ Um mọ́ àwọn tí wọ́n pa.