Ta Ni Ó Ni Ìtàn? Ìjà Abẹ́lẹ̀ Láàrin Àwọn Olórí Òǹkọ̀wé Eré Ọlọ́ṣẹ

Kò sí ìdí láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún ará Àkókó bí ẹni méjì ti ń du ọlá kan ṣoṣo. Ní Ìkàrẹ́, Olúkàrẹ́ wà, Ọ̀wá-Alẹ̀ sì wà. Ní Ọ̀kà, Olúbàkà wà, Aṣín náà sì wà. Ta ni ó kọ́kọ́ dé? Ta ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín níbẹ̀. Bí irú wọn bá wá jẹ yọ láàrin àwọn tí ń kọ eré tẹlifíṣọ̀n ọ̀sán ní Amẹ́ríkà, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Eré ọlọ́ṣẹ ni orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ́, nítorí pé láti ayé rédíò ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọṣẹ ti ń san owó rẹ̀, kí àwọn ìyàwó ilé tí ń gbọ́ ọ lè máa ra ọjà wọn. Ẹni tí ó ro ìtàn yàtọ̀ sí ẹni tí ó san owó rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìjà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Eré náà kì í parí. Ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ ni ó ń jáde, tí ó fi ń sún mọ́ apá 250 ní ọdún kan, agbára ẹnì kan kò sì lè ká a pẹ́ títí. Nítorí náà ni iṣẹ́ ṣe pín. Olórí òǹkọ̀wé ni ó ń ro ìtàn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan ṣáájú: ta ni yóò fẹ́ ta, ọmọ ta ni yóò sọnù, òkú ta ni yóò jí padà. Ìwé tí ó kọ èyí sí ni wọ́n ń pè ní Bíbélì. Àwọn kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ń là á sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn sì ń fi ọ̀rọ̀ sí àwọn òṣèré lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá-mẹ́tàlá ni àdéhùn iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá sì pé, ilé-iṣẹ́ lè ní kí ènìyàn máa lọ. Igbákejì tí ó bá mọ̀ pé ọ̀gá òun lè lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá kì í pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó máa lọ sí àga ọ̀gá.

Irna Phillips ni ìyá eré yìí. Chicago ni wọ́n ti bí i ní 1901, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì kọ́kọ́ ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1930 ni eré rẹ̀, Painted Dreams, bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ rédíò WGN. Nígbà tí eré náà di ààyò àwọn olùgbọ́, Phillips fẹ́ gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ tí ohùn rẹ̀ ń dé gbogbo orílẹ̀-èdè. WGN kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ni àwọn ni ín. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, ó sì falẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Phillips pàdánù ẹjọ́ náà: òṣìṣẹ́ tí ń gba owó ni wọ́n kà á sí, ohun tí òṣìṣẹ́ bá sì fi owó ọ̀gá ṣe, ti ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò dúró de ìdájọ́. Ní 1932 ni ó ti dá eré mìíràn, Today's Children, sílẹ̀ ní ibòmíràn ní Chicago, ẹni tí ó bá sì fetí sílẹ̀ dáradára yóò mọ̀ pé Ìyá Moran tí ó wà nínú rẹ̀ àti Ìyá Moynihan ti Painted Dreams kì í ṣe ẹni méjì. Orúkọ nìkan ni ó yí padà.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń ṣọ́ ohun tirẹ̀ bí adìyẹ ti ń ṣọ́ ọmọ. The Guiding Light bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1937, ó sì bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1952. As the World Turns tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1956. Phillips kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀. Á máa sọ̀rọ̀ bí ọkọ, bí ìyàwó, bí dókítà, akọ̀wé rẹ̀ á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn babaláwo àti onírárá ṣe ń fi ẹnu pa ìtàn mọ́ nílẹ̀ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọlọ́ṣẹ kankan tí ó dúró tì wọ́n.

Lábẹ́ rẹ̀ ni Agnes Nixon àti William Bell ti kọ́ṣẹ́. Ní 1962 Nixon ni olórí òǹkọ̀wé The Guiding Light. Ó fẹ́ kí wọ́n rí àrùn jẹjẹrẹ ní ilé ọmọ Bert Bauer, ìyàwó ilé tí àwọn òǹwòran fẹ́ràn, kí àwọn obìnrin tí ń wò ó lè tètè lọ ṣe àyẹ̀wò. Procter & Gamble, ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ tí ó ni eré náà, àti CBS tí ń gbé e jáde gbà fún un, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin dè é: kò gbọdọ̀ dárúkọ jẹjẹrẹ, kò gbọdọ̀ dárúkọ ilé ọmọ, kò sì gbọdọ̀ dárúkọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ ọ́. Nixon kọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdárúkọ ọ̀kankan. Iṣẹ́ yìí fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn ju gbogbo ẹ̀bùn tí ó gbà lẹ́yìn náà lọ. Nígbà tí ABC fún un ní àyè láti dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó kọ One Life to Live ní 1968 àti All My Children ní 1970; ní 1975 ó ta èyí èkejì fún ABC.

Ọdún 1973 ni ó yẹ kí òpìtàn wò dáradára. Wọ́n ti pe Phillips padà sí As the World Turns, ó sì ti gbé ìtàn Kim kalẹ̀, obìnrin tí ó lóyún fún ọkọ arábìnrin rẹ̀. Àwọn onígbọ̀wọ́ kò fẹ́ ìtàn náà bí Phillips ṣe fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí ó máa lọ, kúrò nínú eré tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ni ó kú. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà, Bell àti ìyàwó rẹ̀, Lee Phillip Bell, bẹ̀rẹ̀ The Young and the Restless, wọ́n sì rí i dájú pé àwọn ní ìpín nínú rẹ̀. Bell kò kúrò ní ipò olórí òǹkọ̀wé títí di 1998. Ẹ̀bùn Bell kò ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ; ìwé àdéhùn rẹ̀ ni ó sàn jù.

Àwọn tí kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ohun ìjà kan ṣoṣo: kí wọ́n kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Douglas Marland fi The Guiding Light sílẹ̀ ní 1982 nítorí pé wọ́n lé òṣèré kan, Jane Elliot, nígbà tí ìtàn tí ó kọ fún un kò tíì parí. Nígbà tí ó yá, ó kọ ìmọ̀ràn sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá gba eré lọ́wọ́ ẹlòmíràn: kí ó kọ́kọ́ wo eré náà, kí ó mọ ìtàn rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, kí ó má sì lé ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́fà. Ọba tuntun náà ìbá jàǹfààní nínú rẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì ni ó tú àṣírí gbogbo wọn. Ní 1988 àwọn òǹkọ̀wé jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ 22, síbẹ̀ eré ọlọ́ṣẹ kò dáwọ́ dúró. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ń kọ ọ́. Nígbà tí ó tún ṣẹlẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2007 dé oṣù kejì ọdún 2008, àwọn kan gba ẹ̀yìn òfin: wọ́n fi ipò ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn ìjà náà ẹgbẹ́ kéde orúkọ 28 nínú wọn fún gbogbo ayé, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará eré ọ̀sán. Ó rọrùn láti bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé ẹlòmíràn lè pa gbogbo ẹbí tí òun ti ń tọ́ fún ọdún mẹ́wàá láàrin ọ̀sẹ̀ kan yóò mọ ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Nílẹ̀ wa, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Hubert Ogunde, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ni ó ń kọ eré, òun ni ó ń ṣe é, òun náà ni ó sì ni ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè lé e kúrò nínú ìtàn ara rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n mú ọ̀nà kejì wá. The Village Headmaster tí Olúṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní 1968, ó sì wà títí di 1988. Ọ̀gá ilé-ìwé mẹ́ta ni abúlé Ọjà rí láàrin àkókò yìí, Ted Mukoro, Fẹ́mi Robinson àti Justus Esiri, láìsí pé abúlé náà túká. Ilé-iṣẹ́ ni ó dúró, ènìyàn ni ó ń kọjá lọ. Ní ti Cock Crow at Dawn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1980, ilé ìfowópamọ́ UBA ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó sì ń polówó dípò ọṣẹ.

CBS dá The Guiding Light dúró ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, lẹ́yìn ọdún 72 lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n; ó dá As the World Turns dúró ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti tán láàrin ọlọ́ṣẹ àti eré ọ̀sán. Ní oṣù kejì ọdún 2025, eré tuntun kan, Beyond the Gates, bẹ̀rẹ̀ lórí CBS, nípa ìdílé àwọn aláwọ̀ dúdú ọlọ́rọ̀ kan. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Michele Val Jean, ni ó dá a sílẹ̀, òun sì ni olórí òǹkọ̀wé rẹ̀. Procter & Gamble wà nínú àwọn tí ó gbé e jáde.