Àwọn Orúkọ Tí A Fi Sílẹ̀ Lójú Sánmà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀, tó sì fún ọmọ ènìyàn ní làákàyè láti fi wò wọ́n.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí a lọ kí àwọn ẹbí wa ní ìlú London, a bá àwọn ìdílé Mùsùlùmí Yorùbá mélòó kan lọ sí ilé ìwo-ìràwọ̀ tó wà ní Greenwich. Ọba Charles Kejì ló dá a sílẹ̀ ní 1675. Ohun tó ń wá ni pé kí àwọn onímọ̀ máa ṣọ́ òṣùpá àti ìràwọ̀ níbẹ̀, kí àwọn atukọ̀ lè mọ ibi tí wọ́n wà lójú agbami. Nígbà tó yá, ó di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí bàbá, ìyá àti ọmọ lè jọ lọ láti kẹ́kọ̀ọ́.

Ibi ilà tí wọ́n sàmì rẹ̀ sí ilẹ̀ ni àwọn ọmọ kọ́kọ́ sáré lọ. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sí apá ìlà oòrùn ayé, wọ́n gbé èkejì sí apá ìwọ̀ oòrùn. Ní 1884, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pàdé ní Washington, púpọ̀ nínú wọn sì fọwọ́ sí i pé láti orí ilà yìí ni kí ayé ti máa ka àkókò. Ilà náà kò jìnnà sí wa bí a ṣe rò, nítorí ó gba Tema kọjá ní ilẹ̀ Ghana. Aago Greenwich gan-an ni wọ́n ń lò ní Togo. Tiwa ní Nàìjíríà àti ti Benin fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Ẹni tó bá wo aago kó tó kírun Alásàrì, òǹkà Greenwich ló wò.

Lẹ́yìn èyí, a wo awò awọ̀nàjíjìn ńlá tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1893, tí fífẹ̀ dígí rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 28. Òrùlé tó bò ó rí roboto bí àlùbọ́sà, ọmọ kékeré kan sì bèèrè pé, "Ṣé mọ́sálásí nìyẹn ni?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Inú plánẹ́táríọ̀mù tí wọ́n ṣí ní 2007 ni ọ̀rọ̀ ti wá yí padà fún wa. Yàrá kan ni, tí òkè rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n ní kí á fẹ̀yìn ti àga, wọ́n paná, ìràwọ̀ sì kún òkè orí wa bí ẹni pé a wà ní oko lóru tí òṣùpá kò yọ. Olùkọ́ tó ń ṣàlàyé ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Rigel, Deneb, Altair, Aldebaran. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kéú fọwọ́ tọ́ wa, ó ní, "Àáfà, ṣé kì í ṣe Lárúbáwá nìyẹn?"

Lárúbáwá ni lóòótọ́. Rijl ni Rigel, ìyẹn ẹsẹ̀. Dhanab ni Deneb, ìyẹn ìrù. Al-ta'ir ni Altair, ìyẹn èyí tó ń fò. Al-dabaran ni Aldebaran, ìyẹn atẹ̀lé, nítorí ó ń tẹ̀lé ọ̀wọ́ ìràwọ̀ kéékèèké kan lójú sánmà. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ojú tì wá. Ó lé ní ọdún 25 tí a ti ń kọ́ ọmọ ní kéú, síbẹ̀ ẹsẹ̀ tí a ń fọ̀ nínú àlùwàlá nìkan ni rijl tí a mọ̀. A kò mú ọmọ kankan jáde rí lálẹ́ láti fi rijl inú sánmà hàn án.

Báwo ni àwọn orúkọ yìí ṣe dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ìjọsìn wà lára ohun tó mú kí àwọn aṣíwájú wa nínú ẹ̀sìn máa wo òkè: kí wọ́n lè mọ àsìkò ìrun, mọ ọ̀nà Kíbùlà, mọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ní 964, Abd al-Rahman al-Sufi kọ ìwé ìràwọ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Páṣíà, ó ya àwòrán wọn, ó sì kọ orúkọ tí àwọn Lárúbáwá ń pè wọ́n síbẹ̀. Ní Damasku, Ibn al-Shatir tó kú ní 1375 ni olùtọ́jú àsìkò ìrun ní mọ́sálásí ńlá. Òun kan náà sì ni ọ̀gá nínú ìṣirò ìrìn òṣùpá. Ní Samarkand, Ulugh Beg kọ́ ilé ìwo-ìràwọ̀ ńlá kan, òun àti àwọn onímọ̀ rẹ̀ sì kọ ipò ìràwọ̀ 1,018 sílẹ̀ ní 1437.

Wọ́n pa Ulugh Beg ní 1449, ilé náà sì di ahoro. Ṣùgbọ́n ìwé kò kú. Ní 1665, Thomas Hyde, Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ èdè Lárúbáwá àti ti Páṣíà, tẹ àkọsílẹ̀ ìràwọ̀ Ulugh Beg jáde ní Oxford. Ọdún 10 lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n dá Greenwich sílẹ̀. Nígbà tí ìwé ńlá John Flamsteed, olórí àkọ́kọ́ níbẹ̀, jáde ní 1725 lẹ́yìn ikú rẹ̀, àkọsílẹ̀ Ulugh Beg wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á sọ pé wọ́n jí i gbé. Wọ́n kọ́ èdè wa, wọ́n kà á, wọ́n sì tẹ̀síwájú. Ní Istanbul, wọ́n kọ́ ilé ìwo-ìràwọ̀ fún Taqi al-Din ní 1577. Ọdún yẹn ni ìràwọ̀ kan tó ní ìrù gígùn yọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sọ àsọtẹ́lẹ̀ oríire fún Sultan. Nígbà tí yóò fi di 1580, Sultan kan náà tó ní kí wọ́n kọ́ ilé náà ti ní kí wọ́n wó o lulẹ̀. Ọdún 95 lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Greenwich bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ara wa la fi wó tiwa.

Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ wa. Fífi ìràwọ̀ wo kádàrá ènìyàn kò yàtọ̀ sí yanrìn títẹ̀. Kò sí ìmọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á mọ ibi tí ìràwọ̀ wà àti bí òṣùpá ṣe ń rìn, iṣẹ́ olùtọ́jú àsìkò ìrun ni. Bí a bá ti mọ̀ ọ́n tó, bóyá ariwo oṣù ààwẹ̀ tí a máa ń pa lọ́dọọdún ì bá ti dínkù.

Ẹni tó bá ráyè dé Greenwich, kó mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò ráyè, sánmà wà lórí àgbàlá rẹ̀. Ẹ̀yin àáfà ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí á mú àwọn ọmọ kéú jáde ní alẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́, kí á fi Rigel hàn wọ́n, kí wọ́n sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa. Orúkọ náà ṣì wà lókè, ẹni tí yóò kà á ló kù.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó wúlò kẹ́ àwa àti àwọn ọmọ wa. Àmín.